Ẹni Tó Ń Sùn Kò Tíì Kú: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Òdòdó Abẹ́ Àpáta

  

Kò sí ewé, kò sí òrìṣà. Gbogbo wa la máa ń wí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi wá léèrè: nínú gbogbo ewé àti egbò tí à ń mú nínú igbó lọ́dọọdún, mélòó la fi ọwọ́ ara wa gbìn? Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi ló mú mi béèrè.

Nílé wa ní Komu, bàbá mi ní òdòdó kan tó ń pè ní òdòdó abẹ́ àpáta. Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo Òkè-Ògùn ń pè é o. Orúkọ ilé wa ni. Ẹsẹ̀ àpáta ló ń hù, lábẹ́ ibòji igi òrí, níbi tí ewé tó ti jẹrà kún àárín òkúta. Kókó rẹ̀ ń jókòó sórí ilẹ̀, kì í rì wọlé tán. Ó tó ẹyin adìyẹ kékeré, wọ́n sì so mọ́ ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀. Ewé rẹ̀ kì í pọ̀, méjì, mẹ́ta. Ó fẹ̀, ó sì ní ìlà gbọọrọ gbọọrọ bí ewé ọ̀pẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pá òdòdó á yọ, á ga dé orúnkún, òdòdó á sì là lórí rẹ̀. Ètè òdòdó náà fẹ̀, àwọ̀ àlùkò tó fẹ́ pọ́n díẹ̀ ni.

Kókó méjì tàbí mẹ́ta ni Bàbá máa ń mú lọ́dún. Kó tó fọwọ́ kàn án, á kí ilẹ̀, á kí Ọ̀sanyìn. Ohun tó ń lò ó fún kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú ìwé. Ẹni tó yẹ kó mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, Bàbá ti wàjà, katakata wọ ẹsẹ̀ àpáta yẹn. Ẹni tó ni ilẹ̀ ló fẹ́ gbin àgbàdo, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Nígbà tí mo máa débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, gbogbo rẹ̀ ti di ebè. Kókó mọ́kànlá ni mo rí ṣà. Mo wá a káàkiri títí dé ọ̀nà Òtù, mi ò rí òmíràn. Ìgbà yẹn lojú wá tì mí. Gbogbo ọdún tí a fi ń mú un, kò sẹ́ni tó gbin ẹyọ kan sílé.

Mo gbìn wọ́n sẹ́yìn ojúbọ wa. Òjò ọdún náà mú wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ ṣe dé, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó sì ń já bọ́. Àyà mi já. Mo ní ó ń kú lọ nìyí. Mo bá gbé kẹ́tùlù, omi láàárọ̀, omi lálẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ìyá wa àgbà nínú ilé òrìṣà, ló bá mi lẹ́nu ẹ̀.

"Àkànbí, kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Màmá, ó ń kú ni. Mo ń bomi rin ín."

"Ta ló ń bomi rin ín lábẹ́ àpáta? Ó ń sùn ni o. Ẹni tó ń sùn, ìwọ ń da omi sí i nímú!"

Mi ò rí èsì fọ̀. Mo tẹ kókó kan wò, ó rọ̀ bí ìṣáwùrú, ó ń rùn. Méje ló ti jẹrà. Kì í ṣe katakata ló pa méje yẹn o, èmi ni.

Ọmọ àbúrò mi tó wà ní yunifásítì mú òdòdó rẹ̀ kan tí a sá gbẹ lọ sí ilé tí wọ́n ń tọ́jú ewéko gbígbẹ sí ní iléeṣẹ́ ìwádìí igbó ní Ìbàdàn. Wọ́n fi wé ti ọwọ́ wọn, ó sì bá èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Eulophia guineensis mu. John Lindley, ará Ìlú Ọba, ló kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú orúkọ yẹn lọ́dún 1823. Ìdílé orchid ló ti wá. Púpọ̀ nínú wọn nílẹ̀ wa, orí igi ni wọ́n ń gbé; èyí ń gbé ilẹ̀.

Ohun kan tí ọmọ náà sọ kò kúrò lọ́kàn mi. Hóró orchid kéré bí ekuru, kò gbé oúnjẹ kankan dání wá sáyé. Lọ́dún 1899 ni Noël Bernard, ará Faransé, rí i pé àfi bí irú olú kan tó wà nínú ilẹ̀ bá ń bọ́ hóró yìí ló fi lè hù. Ìdí nìyí tí a kò fi lè fọ́n hóró rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé bí ẹ̀fọ́. Bí a bá pa á run níbi tó wà, owó kò lè rà á padà.

Ẹ wá gbọ́ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò tó dé, ni kí ẹ gbìn ín. Ẹ po iyanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ àti ewé tó ti jẹrà pọ̀, kí ẹ sì bu ìwọ̀nba erùpẹ̀ ibi tó ti wá sí i, nítorí olú tí mo wí yẹn. Ẹ jẹ́ kí ìdajì kókó yọ síta. Ibòji igi ló fẹ́, kì í ṣe oòrùn gangan. Bí ewé bá ti yọ, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ tutù, kí omi má dúró sí i. Ẹ má da ajílẹ̀ tó le sí i. Bí ewé bá ti ń pọ́n, ẹ dá omi dúró pátápátá títí ọ̀mùnú tuntun á fi yọ. Bí ẹ bá fẹ́ pín in, kókó mẹ́ta tó so pọ̀ ni kó lọ papọ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo kì í lágbára.

Bákan náà ni kí a ṣọ́ra fún ọjà. Ní Sáńbíà, kókó irú orchid ilẹ̀ báyìí ni wọ́n ń gún mọ́ ẹ̀pà, wọ́n ń pè é ní chikanda. Wọ́n wà á títí ó fi ṣọ̀wọ́n, wọ́n wá ń kó o wá láti Tànsáníà. Òfin àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES náà sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé orchid inú igbó kọjá ẹnubodè láìgba ìwé àṣẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí lókè òkun, ẹ má dì í sínú báàgì fún wọn o.

Mẹ́rin tó ṣẹ́kù ti di mẹ́sàn-án báyìí. Lọ́dún tó kọjá, méjì nínú wọn yọ òdòdó, mo sì pe ìyá wa àgbà kó wá wò ó. Wọ́n kí ilẹ̀, wọ́n kí Bàbá, wọ́n ní, "Ó ti jí."

Mẹ́ta á dúró sí ojúbọ wa. Mẹ́fà tó kù, mo fẹ́ kó lọ sí ilé méjì nínú ẹbí wa kí àkọ́rọ̀ tó rọ̀, torí ohun tó wà lójú kan ṣoṣo, iná pápá ẹ̀ẹ̀kan lè mú un lọ. Ẹni tó bá máa gbà á, ẹ̀jẹ́ kan ni mo fẹ́: tó bá di mẹ́fà lọ́wọ́ rẹ̀, kó fún ẹlòmíràn ní mẹ́ta. Kẹ́tùlù náà, kó fi sílé nígbà ọyẹ́.