Ẹṣin Eré Ìje Tó Ti Dàgbà: Bí A Ṣe Ń Tún Un Kọ́

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti àgbàdo, kì í sì í ṣe ti ẹ̀gẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹṣin ni, láti Ìgànná ni ìbéèrè rẹ̀ sì ti wá. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan níbẹ̀ dáwó jọ, wọ́n ra akọ ẹṣin kan tó ti sáré ìje rí ní òkè Ọya. Wọ́n fẹ́ máa fi háyà fún àwọn tó bá ń ṣe ìwúyè, ìgbéyàwó àti ọdún. Owó rẹ̀ kò pọ̀, torí ẹṣin náà ti di ọmọ ọdún 11. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti dé, kò sẹ́ni tó lè gùn ún yí ọjà ká. Bí ènìyàn bá ti jókòó lé e, eré ló kù. Bí wọ́n bá fa ìjánu kó lè dúró, ńṣe ló tún ń sáré sí i. Ó ti gbé ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣubú. Wọ́n wá ń béèrè pé ṣé kí àwọn kúkú tà á fún alápatà?

Ẹ má tíì tà á. Ẹṣin yẹn kì í ṣe olóríkunkun. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ní pápá ìje, jọ́kì kì í fi ìdí lé gàárì. Ó máa ń ká ẹsẹ̀ sókè, á gbé ìdí kúrò nílẹ̀ gàárì, á sì di okùn ìjánu mú ṣinṣin. Ẹṣin náà á fi ẹnu ti irin ìjánu, bí ìgbà tí ènìyàn bá fara ti ògiri, á sì máa sáré lọ. Bí jọ́kì bá ṣe ń fà á tó ni òun náà ń tì í tó. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ Ìgànná fa ìjánu, ohun tí ẹṣin gbọ́ ni pé, "Ó yá, a ti bẹ̀rẹ̀." Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ tó sọ̀ wálẹ̀ ní ìhà rẹ̀ ṣe àjèjì sí i. Bí itan bá fún un díẹ̀, ó rò pé wọ́n ń lé òun ni. Wọn kò tilẹ̀ kọ́ ọ láti dúró kí a gùn ún. Ẹnìkan ló máa ń ju jọ́kì sókè sórí rẹ̀ bó ṣe ń rìn lọ. Èmi alára ti jábọ́ lórí irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ rí, nítorí mo fà á nígbà tó yẹ kí n tú ọwọ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ dùn mí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ẹ̀kọ́ tí irú ẹṣin yìí nílò ní orúkọ. Dressage ni wọ́n ń pè é. Èdè Faransé ni, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju kíkọ́ ẹranko lẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ẹṣin á kọ́ bí a ṣe ń rìn pẹ̀lú ìfarabalẹ̀, bí a ṣe ń dúró, bí a ṣe ń yí sọ́tùn-ún àti sósì, láìjẹ́ pé ẹni tó gùn ún ń bá a jà. Láti ọdún 1912 ló ti wà nínú ìdíje Òlíńpíìkì. Àwọn adájọ́ á jókòó létí pápá tó gùn ní mítà 60, tó fẹ̀ ní mítà 20, wọ́n á sì máa fún ìrìn kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti òdo dé 10. Ní 1952, obìnrin ará Denmark kan, Lis Hartel, gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Kò lágbára tí yóò fi ká ẹṣin lọ́wọ́ kò. Ní ti ọjọ́ orí, Bonfire, ẹṣin obìnrin ará Netherlands tó ń jẹ́ Anky van Grunsven, ti pé ọdún 17 nígbà tí wọ́n jọ gba wúrà ní Sydney ní 2000. Lóòótọ́, láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ Bonfire, ṣùgbọ́n ẹ ri pé ọdún 11 nìkan kò tó láti dá ẹṣin lẹ́jọ́ ikú.

Irú ọgbọ́n yìí kò ṣe àjèjì sí ilẹ̀ wa. Àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ tó wọ Dahomey ní 1726, òkè Ọya ni wọ́n ti ń ra ẹṣin wọn, torí eṣinṣin tó ń fa àrùn kò jẹ́ kí ẹṣin rọrùn láti sìn níhìn-ín. Ẹni tó di ọ̀kọ̀ mú lọ́wọ́ kan, ọwọ́ kan ló kù fún ìjánu. Títí di òní, ní Nikki ní ilẹ̀ Bàrùbá, ẹ lè rí ẹṣin nínú èrò àti ìlù lọ́jọ́ ọdún Gaani.

Ó yá, ibo ni kí ará Ìgànná ti bẹ̀rẹ̀? Kì í ṣe lórí gàárì. Ẹ fi oṣù kan sí méjì sílẹ̀ fún un kó sinmi. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ̀ káàkiri lójú ọgbà, kó gbàgbé ariwo pápá ìje. Ẹṣin ìje ti jẹ ọkà púpọ̀ rí, agbára ọkà yẹn sì wà lára ohun tó ń gùn ún. Ẹ dín bàbà àti àgbàdo kù, ẹ fi koríko rọ́pò. Ẹṣin tó wọn 400 kílò yóò fẹ́ tó kílò 8 koríko gbígbẹ lójúmọ́. Ẹruwà tí a gé kó tó gbó dára, ewé ẹ̀pà gbígbẹ náà dára. Omi rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 kan lójúmọ́. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ó lè mu méjì. Ẹ má ṣe yí oúnjẹ rẹ̀ padà lójijì, ẹ fi ọjọ́ 7 sí 10 ṣe é. Ẹṣin kò lè bì. Ohun tó bá ti bà á nínú jẹ́, inú ibẹ̀ ni yóò wà, inú rírun sì lè pa á kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ohun méjì wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tó ń sin adìyẹ mọ́ ẹṣin gbọ́ dáadáa. Wọ́n ń fi oògùn kan tó ń jẹ́ monensin sínú òmíràn lára oúnjẹ adìyẹ nítorí àrùn ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀. Kò ṣe adìyẹ ní nǹkan, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ ń ba ọkàn ẹṣin jẹ́, ó sì ń pa á. Ẹ má ṣe gbá ìṣẹ́kù oúnjẹ adìyẹ fún ẹṣin láéláé. Èkejì ni àgbàdo tó ti bu. Májèlé inú rẹ̀ máa ń jẹ ọpọlọ ẹṣin. Èyí tí ẹ kò bá lè jẹ nítorí pé ó bu, ẹ má ṣe gbé e fún ẹṣin.

Kó tó di pé gàárì tún dé ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ pe dókítà ẹran. Kó wo eyín rẹ̀, torí eyín ẹṣin àgbàlagbà máa ń mú létí, yóò sì máa gé e lẹ́nu. Ẹṣin tí ẹnu ń dùn kò ní gbọ́ ìjánu láé. Kó wo pátákò rẹ̀, kí wọ́n máa gé e ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Kó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò pẹ̀lú: bí ẹṣin bá ń jẹun tó sì ń rù, tí abẹ́ ikùn rẹ̀ ń wú, tí ìdí eyín rẹ̀ funfun, àrùn eṣinṣin ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ̀yin náà, ẹ fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì iwájú láàárọ̀, láti orúnkún sísàlẹ̀. Bí iṣan ọ̀kan bá gbóná tàbí tó wú ju èkejì lọ, kò sí ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà. Akọ tí a kò tíì tẹ̀ lọ́dàá máa ń ṣòro láàárín èrò. Ẹ bi dókítà nípa ìyẹn náà.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni ìdúró. Ẹ fi okùn mú un, ẹ bá a rìn, kí ẹ dúró. Bó bá dúró, ẹ tú ọwọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Títú ọwọ́ sílẹ̀ yìí ni owó iṣẹ́ rẹ̀, òun ló fi ń mọ̀ pé ohun tí òun ṣe tọ̀nà. Ẹni tó bá ń fà á láìdẹ̀ ń kọ́ ọ pé kó sí èrè nínú ìgbọràn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi okùn gígùn mú un, kó máa rìn yí yín ká, sọ́tùn-ún àti sósì bákan náà. Kó má ju ìṣẹ́jú 10 lọ, kí òbíríkítí náà má sì há, torí yíyípo níbi tó há ń fìyà jẹ oríkèé ẹsẹ̀ àgbà.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gùn ún, ẹ gun orí àpótí kí ẹ tó bọ́ sórí rẹ̀, ẹ má ṣe fi gàárì fa ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́. Ẹ jókòó jẹ́jẹ́, ẹ ka ení dé ẹẹ́wàá, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ó parí fún ọjọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó ṣe títí tí kò fi ní í yára gbéra mọ́. Oṣù àkọ́kọ́, ìrìn nìkan ni. Ẹ fi etí sí pátákò rẹ̀: bó bá ń rìn, ìró mẹ́rin ni ẹ ó máa gbọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó bá di eré kékeré, ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún àti ẹ̀yìn òsì á jọ balẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ méjì. Ẹni tó bá létí ìlù yóò mọ ìgbà tí ó fẹ́ ya eré kó tó yà á. Lásìkò yẹn, ẹ má ṣe fà á. Ẹ mí sóde, ẹ jókòó wúwo sínú gàárì, ẹ fún okùn ní ìka díẹ̀, ẹ sì tú u. Bó bá ṣì fẹ́ sáré, ẹ darí rẹ̀ sínú òbíríkítí. Ẹṣin kò lè sáré àsápajúdé kó sì máa yí po.

Ẹ lè ṣe òbíríkítí yẹn fúnra yín. Ẹ kan èèkàn mọ́lẹ̀, ẹ so okùn mítà 10 mọ́ ọn, ẹ fà á yí po, ẹ fi eérú sàmì sí ilẹ̀. Mítà 20 ló fẹ̀ yẹn. Ẹ ṣe méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó máa ti inú ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Iṣẹ́ tó ń sọ ẹ̀gbẹ́ tó ti le di rírọ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni kó kọ́ láti yí láti inú ìrìn sí eré kékeré, kó sì padà sí ìrìn, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, títí tí kò fi ní í bínú sí i. Ìṣẹ́jú 20 sí 30 tó, ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́ sì jẹ́ ìrìn lásán kí iṣan tó ti dàgbà lè gbóná. Kí ẹni tó ń kọ́ ọ dé akoto. Kí ẹni kan náà sì máa kọ́ ọ. Bí ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́fà bá ń gùn ún ní ọ̀nà mẹ́fà, ẹ ń tú ohun tí ẹ hun ni.

Bó bá ti mọ èyí, ẹ mú ìlù wá, ṣùgbọ́n láti òkèèrè. Kí ẹnìkan máa lù ú ní ìpẹ̀kun pápá, kí ẹ sún un mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Lẹ́yìn náà agboòrùn, lẹ́yìn náà àwọn ọmọdé tó ń sáré. Ẹṣin àgbà mìíràn tí ara rẹ̀ balẹ̀, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ẹ tún rántí ìwọ̀n ẹrù. Ẹni tó gùn ún pẹ̀lú gàárì kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ẹṣin lọ. Fún ẹṣin 400 kílò, 80 kílò nìyẹn. Àwọn bọ̀rọ̀kìnní kan wà tí agbádá wọn nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ wọn ìdajì rẹ̀. Ẹ fi ọgbọ́n wá mọ́tò fún wọn.

Bí ẹṣin náà bá ń tiro lẹ́yìn ìsinmi oṣù méjì, tàbí tí dókítà bá sọ pé iṣan rẹ̀ ti já, ẹ má ṣe gùn ún mọ́. Bí ara rẹ̀ bá le, ẹ ka oṣù mẹ́fà, ó lè di ọdún kan, kí ẹ tó gbé e wọ inú èrò. Mo gbọ́ pé ẹ ti gba owó háyà fún ọdún tó ń bọ̀ lọ́nà. Ẹ dá owó olówó padà lọ́sẹ̀ yìí, ẹ sọ fún un pé ẹṣin náà ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́.