Ilẹ̀ Wa Ń Bá Àgbàrá Lọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò lóun kò níí wólé, onílé ni kò níí gbà fún un. Ọ̀rọ̀ ilé ni a sábà máa ń fi òwe yìí sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oko ni a fẹ́ fi í sọ lónìí. Bí àgbàrá bá wó ilé, gbogbo ayé ni yóò rí i, ẹbí yóò péjọ, ìjọba pàápàá lè rán ènìyàn wá wò ó. Ṣùgbọ́n bí àgbàrá bá gbé oko lọ, kò sí ẹni tí yóò pariwo, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni ó ń gbé e. Olóko kò ní fura títí di ọdún kẹta tàbí ìkẹrin, nígbà tí iṣu tí ó máa ń tó apá bá di èyí tí kò ju ọrùn ọwọ́ lọ, tí ewé àgbàdo sì ń pọ́n kí ó tó yọmọ. Nígbà náà ni yóò máa wí pé ọdún kò dára.

Àwa kò gbà pé ọdún ni kò dára. Ilẹ̀dú, tí í ṣe ọ̀rá ilẹ̀, ni ó ti bá àgbàrá lọ, tí ó ku yangí àti òkúta wẹ́wẹ́. Kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ṣiyèméjì lọ dúró sí etí odò abúlé rẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá. Bí omi náà bá pọ́n, kí ó mọ̀ pé oko ni ó ń kọjá lọ níwájú òun yẹn. Omi tí ìbá sì wọ inú ilẹ̀ lọ, kí ó máa sun sí kànga àti odò wa ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, òun náà ti sá lọ. Ìdí nìyí tí abúlé kan náà fi lè jìyà àgbàrá ní oṣù kẹfà, kí ó sì máa wá omi mímu kiri ní oṣù kejì.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àsọdùn. Ní ọdún 1967 ni a dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí à ń pè ní IITA sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní àwọn ọdún 1970, onímọ̀ nípa ilẹ̀ kan níbẹ̀, Rattan Lal, ọmọ Íńdíà, pín ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí abala abala, ó sì wọn erùpẹ̀ tí òjò ń gbé kúrò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí abala tí ó dà gẹ̀rẹ́, tí a sì ṣí sílẹ̀ ní ìhòòhò, erùpẹ̀ tí ó lọ láti orí hẹ́kítà kan ní ọdún kan lé ní 100 tọ́ọ̀nù. Lórí èyí tí ó dà bákan náà, ṣùgbọ́n tí a fi koríko gbígbẹ àti pòròpórò bò, èyí tí ó lọ kò tó tọ́ọ̀nù kan. Òjò kan náà, gẹ̀rẹ́ kan náà. Aṣọ tí a fi bo ilẹ̀ nìkan ni ó yàtọ̀. Ní ọdún 2020 ni a fi ẹ̀bùn World Food Prize dá Lal lọ́lá fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀.

Àwọn baba wa kò ní òṣùwọ̀n, ṣùgbọ́n wọ́n mọ èyí. Wọ́n ń fi koríko dé orí ebè iṣu. Wọ́n ń gbin ẹ̀gúsí sí àárín ebè kí ó lè tàn bo ilẹ̀. Wọ́n ń fi kùkùté igi sílẹ̀ kí ó lè tún hù. Wọ́n sì ń fi oko sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tún di igbó. Wọ́n ní bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu fún un. Ẹnu tí ilẹ̀ là fún ekòló yìí ni omi òjò ń gbà wọlé, ewé tí ó sì jẹrà ni oúnjẹ ekòló. Ẹni tí ó bá dáná sun ewé náà ti lé alágbàṣe tí kì í gba owó kúrò lóko.

A mọ ohun tí ó mú kí nǹkan yí padà, a kò sì sọ èyí láti fi bú àgbẹ̀ kankan. Àwọn ọmọ ti lọ sí ìlú ńlá, owó alágbàṣe ti gòkè, ìṣáná kan ṣoṣo sì ń ṣe iṣẹ́ ènìyàn mẹ́wàá. Eérú rẹ̀ pàápàá a máa mú kí irúgbìn yọ dáadáa ní ọdún àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n òjò ńlá méjì mẹ́ta tó láti gbá eérú náà lọ, ilẹ̀ a sì wà ní ìhòòhò lábẹ́ òjò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti katakata. Awakọ̀ tí ó ń kánjú a máa tú ilẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, poro tí ó bá sì là bẹ́ẹ̀ ti di ojú ọ̀nà fún àgbàrá.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí a kì í fẹ́ sọ síta, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ onílẹ̀ àti àgbẹ̀ tí ń san ìṣákọ́lẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ bóyá a óò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ òun ní ọdún tí ń bọ̀, tí a sì ti kìlọ̀ fún pé kò gbọdọ̀ gbin igi kankan, kí ó má baà sọ ara rẹ̀ di onílẹ̀, báwo ni yóò ṣe tọ́jú ilẹ̀ náà? Yóò gba èyí tí ó bá lè gbà nínú rẹ̀, yóò sì lọ. Onílẹ̀ rò pé òun ń ṣọ́ ogún baba òun; kò mọ̀ pé ogún náà ti bá odò lọ. Àbá tiwa ni pé kí onílẹ̀ fún àgbẹ̀ ní ọdún márùn-ún, ó kéré tán, níwájú ẹlẹ́rìí. Kí àdéhùn wọn sọ ọ́ kedere pé àgbẹ̀ kò ní sun ilẹ̀, pé yóò kọ ebè rẹ̀ ní ìdábùú gẹ̀rẹ́, àti pé igi tí ó bá gbìn yóò jẹ́ ti onílẹ̀ nígbà tí àdéhùn bá parí.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé iṣẹ́ yìí ju agbára àgbẹ̀ olókọ́ lọ, kí ó gbọ́ ti Yacouba Sawadogo, àgbẹ̀ abúlé Gourga ní àríwá Burkina Faso. Ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí ọ̀dá lé ọ̀pọ̀ aládùúgbò rẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ wọn, ó dúró, ó ń gbẹ́ kòtò kéékèèké sínú ilẹ̀ tí ó ti le bí àpáta, ó sì ń da ìgbẹ́ ẹran sí i kí òjò tó dé. Ikán wá, wọ́n lu ilẹ̀ náà, omi sì wọlé. Ọkà hù níbẹ̀, igi sì hù títí ó fi di igbó. Ní ọdún 2018, ó gba ẹ̀bùn Right Livelihood. Ó sì kú ní ọdún 2023. Ilẹ̀ tiwa kò gbẹ tó tirẹ̀, nítorí náà kì í ṣe kòtò rẹ̀ ni a ní kí ẹ gbẹ́, bí kò ṣe pé kí ẹ ní irú ọkàn tí ó ní.

Ṣùgbọ́n ẹnìkan ṣoṣo kò lè dá a ṣe ní àárín wa, nítorí àgbàrá kò mọ ààlà. Ẹni tí ó kọ ebè ní ìdábùú, tí ẹni òkè rẹ̀ sì kọ tirẹ̀ ní òòró, omi ẹni òkè ni yóò ba tirẹ̀ jẹ́. A rọ ẹ̀yin baálẹ̀ àti ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ láti pe ìpàdé kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, kí ẹ fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ iná, kí ẹ sì tún ààró dá sílẹ̀ láti fi ṣe iṣẹ́ ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. A sì ń ké sí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ pé kí wọ́n kọ́ àwọn awakọ̀ katakata bí a ti í tú ilẹ̀ ní ìdábùú, kí wọ́n sì rán àwọn olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ dé oko, kì í ṣe dé ọ́fíìsì nìkan.

Àgbàrá kò ní sọ pé òun kò níí gbé ilẹ̀ wa lọ. Àwa tí a ni ilẹ̀ ni kò gbọdọ̀ gbà fún un.