Ìrẹsì Ìgbẹmọ àti àga kan ṣoṣo l'Ábùjá

Ẹni tó ń gbé Òkè-Ìlá l'Adó-Ekìtì àti àgbẹ̀ tó ń gbin ìrẹsì n'Ígbẹmọ, aṣojú kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ní n'Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá. Ẹkùn ìdìbò náà so Adó pọ̀ mọ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn/Ìfẹ́lódùn. Ọ̀kan ni nínú mẹ́fà tí Ekìtì ní.

Láti October 1, 1996 tí wọ́n ti yọ Ekìtì kúrò lára Oǹdó, owó oṣù ìjọba ló ń gbé ọjà Adó ró. Bí owó oṣù bá pẹ́, àwọn ìyálọ́jà ló kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n lára.

Ti Ìgbẹmọ yàtọ̀. Àwọn obìnrin ló ń bọ ìrẹsì, tí wọ́n ń sá a, kí wọ́n tó gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń bó èèpo. Ó dùn, àmọ́ òkúta inú rẹ̀ ló ń lé oníbàárà sídìí ìrẹsì òkèèrè. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè pa ní August 2019, ìrẹsì abẹ́lé rọ́wọ́ mú díẹ̀; ní December 2020 wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i.

Lóòótọ́, aṣòfin kì í ṣe gómìnà. Síbẹ̀, ẹni tó bá wá tọrọ ìbò n'Ígbẹmọ, ẹ jẹ́ kó sọ ohun tó fẹ́ ṣe sí òkúta inú ìrẹsì.