Ta Ló Rán Ọ Wá, Ibo Lo sì Ń Gbé E Lọ?

Ọmọ yunifásítì tó bá gbé fọ́ọ̀mù wọ agboolé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, kó má rò pé òun ni yóò kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀. Baálé yóò jẹ́ kó kí òun tán, yóò ní kí wọ́n gbé àga fún un, ìbéèrè onílé yóò wá bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ta ni ọ́? Ta ló rán ọ wá? Ṣé ìjọba ni? Kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ibo lo ń gbé e lọ? Ìgbà tó bá dáhùn èyí tán ni tirẹ̀ tó kàn: èèyàn mélòó ló ń gbé inú ilé, iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe, ta ló ń san owó iléèwé.

Iṣẹ́ tí ọmọ náà bá wá là ń pè ní ìwádìí àwùjọ. Àwọn kan nínú àwọn tó ń ṣe é a máa ka orí, kí wọ́n lè sọ iye. Àwọn mìíràn a jókòó ti èèyàn fún oṣù bíi mélòó kan, wọn a bá wọn lọ ọjà, wọn a bá wọn jẹun, kí wọ́n lè sọ ìdí. Àríyànjiyàn pọ̀ láàárín ìhà méjèèjì, n kò ní dá sí i. Ohun tí mo rí nínú ìtàn Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ni pé ìbéèrè baálé yẹn ló ń pinnu ohun tí olùwádìí yóò rí gbà, ìlànà yòówù kó lò.

Kí tádàwá tó dé, Ọ̀yọ́ ti ní àwọn tí mímọ ọ̀rọ̀ ìlú jẹ́ iṣẹ́ wọn. Arọ́kin ni wọ́n, Ológbò ni olórí wọn. Ìran wọn ni wọ́n ti ń jogún iṣẹ́ náà. Orúkọ àwọn Aláàfin àná, ogun tí wọ́n jà, bí ìjọba oníkálukú ṣe parí, gbogbo rẹ̀ ló wà lórí ahọ́n wọn. Ta ló rán wọn? Ọba ni. Ibo ni wọ́n ń gbé e lọ? Etí ọba náà ni. Paulo de Moraes Farias, onímọ̀ ìtàn tó wá láti Bràsíìlì tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Birmingham, lọ bi wọ́n léèrè ohun tí iṣẹ́ wọn jẹ́ gan-an. Èsì tó gbé jáde ní 1992 yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò: arọ́kin ní ìtùnú ni iṣẹ́ àwọn. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ ọba, àwọn ni yóò ka ohun tójú àwọn tó ṣáájú rí fún un, kó lè mọ̀ pé kì í ṣe orí òun ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti ka ìwé ìlànà ìwádìí díẹ̀. N kò tíì rí èyí tó ka ìtùnú mọ́ ohun tí ìmọ̀ wà fún.

Ọ̀dọ̀ àwọn arọ́kin yìí ni Àlùfáà Samuel Johnson ti gbọ́ púpọ̀ nínú ìtàn Yorùbá tó kọ. Pásítọ̀ ni ní Ọ̀yọ́, ibẹ̀ ló sì ti parí ìwé náà ní 1897. Kò sẹ́ni tó rán an. Ẹ̀rù ló ń bà á pé àwọn àgbà ń kú lọ, ìtàn sì ń bá wọn lọ. Fún ayé àtijọ́, ó gbọ́kàn lé arọ́kin. Fún ogun ìgbà tirẹ̀, ó wá àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn, bíi David Kukomi ní Ìbàdàn àti Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ. Wọ́n ní ẹnu àgbà lobì ti ń gbó, ṣùgbọ́n àgbà ibo? Ẹni tó bá jókòó sí Ọ̀yọ́ béèrè ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Yorùbá, ojú Ọ̀yọ́ ni yóò fi wò ó, àwọn òpìtàn ìlú mìíràn sì ti ń ka èyí sí Johnson lẹ́sẹ̀ tipẹ́. Ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Johnson kú ní 1901, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tó kù, ó sì di 1921 kó tó jáde.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, èdè Yorùbá ni N. D. Oyèérìndé fi kọ Ìwé Ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́ tirẹ̀ ní 1934. Ẹni tó fún un lọ́rọ̀ tó bá mọ̀wé kà lè wo ohun tó kọ, kó sì bá a jà sí i.

Lẹ́yìn wọn làwọn tó ń ka orí gba iwájú. Ìkànìyàn 1952 gbé iye èèyàn Ọ̀yọ́ sí 72,133, ti Ògbómọ̀ṣọ́ sí 139,535. Nínú àwọn ìlú Yorùbá nígbà náà, Ìbàdàn àti Èkó nìkan ló jù ú lọ. Iye yìí kò bá ohun tí àwọn onímọ̀ àwùjọ Amẹ́ríkà gbà gbọ́ mu. Louis Wirth ti Chicago ti kọ ọ́ ní 1938 pé ìlú ńlá ni ibi tí èèyàn ti pọ̀, tí wọ́n há mọ́ra, tí wọ́n tẹ̀dó síbẹ̀, tí wọ́n sì jẹ́ oríṣiríṣi. Níbẹ̀, okùn ẹbí a máa tú, aládùúgbò kì í mọ aládùúgbò. Ògbómọ̀ṣọ́ wá rèé: èrò bí omi, síbẹ̀ agboolé dúró digbí, baálé ń parí ìjà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkùnrin ìlú sì ń fi ọkọ́ kọ́ èjìká lọ oko. Ṣé ìlú ńlá ni àbí abúlé tó sanra? William Bascom, tó ti ń ṣèwádìí láàárín Yorùbá láti 1937, dá sí ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ àwùjọ Amẹ́ríkà ní 1955. Ó ní òṣùwọ̀n ló yẹ ká tún ṣe: ìlú ńlá ni ìlú Yorùbá, bí àgbẹ̀ tilẹ̀ kún inú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yà kan náà ni wọ́n. Àwa tí a kì í fi ìlú pe abà kò retí èsì mìíràn.

Bascom yìí kan náà mọ ọ̀nà kejì. Ní 1951, ó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ síwájú Sàlàkọ́, tó ń fi owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún dífá ní Ọ̀yọ́, ó sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ni ìwé ńlá odidi ti jáde. Ka ẹgbẹ̀rún èèyàn, o kò ní rí irú ìyẹn. Gbọ́ ti Sàlàkọ́ nìkan, o kò ní mọ iye èèyàn tó ń gbé Ọ̀yọ́.

Ọdún 1969 ló jẹ́ kí n mọ ìdí tí baálé fi ń béèrè pé ṣé ìjọba ni. Owó orí ti ń ni àgbẹ̀ lára, ọ̀rọ̀ sì ti di ìjà Àgbẹ̀kọ̀yà. Gómìnà Adéyínká Adébáyọ̀ ti gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí Adájọ́ Ayọ̀ọlá kalẹ̀, wọ́n sì gbọ́ ẹjọ́ àwọn àgbẹ̀, síbẹ̀ rògbòdìyàn kò rọlẹ̀. Ní oṣù Keje, ìjà náà dé Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀mí ọba ìlú náà, Ṣọ̀ún Ọlájídé Ọláyọ̀dé, sì bá a lọ. Lójú àgbẹ̀ tó la ìgbà yẹn kọjá, ẹni tó bá wá béèrè bí oko ẹni ṣe tó, akọ̀wé owó orí ni, kódà kó wọ aṣọ yunifásítì. Yóò dá a lóhùn, ṣùgbọ́n oko yóò kéré.

Nínú ọdún kan náà, ní oṣù Kọkànlá, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n fi lọ. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wà lára àwọn tó padà wálé. J. S. Eades, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣèwádìí lórí àwọn Yorùbá oníṣòwò ní Tamale, kọ ìtàn wọn sínú ìwé tó jáde ní 1993. Àwọn tó kúrò ní Gánà láìmú nǹkan dání kò ní oko tí wọ́n ń fi pamọ́ mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ni wọ́n fẹ́ sọ.

Lónìí, kí yunifásítì tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ará ìlú, ìgbìmọ̀ kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ iṣẹ́ náà wò. Ìwé kan ń bẹ tí olùwádìí yóò kà fún onílé: ẹni tó rán an, ohun tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ṣe, ibi tí wọn yóò tọ́jú rẹ̀ sí, àti pé onílé lè ní òun kò dáhùn. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kà á, nítorí ìbéèrè baálé ni wọ́n tò síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ku ẹyọ kan tí n kò rí nínú ìwé náà. Onímọ̀ àwùjọ kan, Fadipe, parí iṣẹ́ rẹ̀ lórí àwùjọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, ó kú ní 1944, ọdún 1970 ni Francis Okediji àti Oladejo Okediji tó bá a gbé e jáde ní Ìbàdàn. Ohùn tí Sàlàkọ́ fi sílẹ̀ ní 1951, Amẹ́ríkà ló ti di ìwé, ní 1980. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti kó fọ́ọ̀mù rẹ̀ jọ, tó ti dìde, baálé a máa pè é padà lẹ́nu ọ̀nà: “Ìgbà wo lo máa wá kà á fún wa?”