Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ògiri Tó Bu Lẹ́yìn Kọ́bọ́ọ̀dù

Ẹ̀yin ará Òwu-Ìsin, òjò oṣù kẹsàn-án kì í ṣeré. Ẹ sún kọ́bọ́ọ̀dù yín wò, pàápàá nínú ilé alámọ̀ àtijọ́. Ohun dúdú tó ń hù lára ògiri ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀rinrin ló bí i. Atẹ́gùn kì í dé ibẹ̀.

Òrùlé tó ń jò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ asán ni fífọ ògiri. Ẹ bo imú, ẹ fi omi ọṣẹ fọ ibi tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́. Níbi tọ́wọ́ ò dé, ẹ so àkísà mọ́ igi. Ẹ má da bílíìṣì bíi Jik pọ̀ mọ́ ọṣẹ ilé ìgbẹ́ tó ní ásíìdì láéláé: èéfín rẹ̀ lè pààyàn.

Tó bá gbẹ tán, ẹ fi àlàfo sílẹ̀ láàárín kọ́bọ́ọ̀dù àti ògiri. Káńfọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń kó sáàárín aṣọ ńkọ́? Kì í fa ọ̀rinrin.