Ṣé O Mọ̀? Ohun tí àwókù bàálù Buddy Holly fi hàn

Ní òru ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1959, bàálù kékeré kan gbéra ní Mason City, ìpínlẹ̀ Iowa, ní Amẹ́ríkà. Láìpẹ́ ó já lulẹ̀. Awakọ̀ rẹ̀ kú pẹ̀lú olórin mẹ́ta: Buddy Holly, Ritchie Valens àti J. P. Richardson.

Ṣé o mọ̀ pé:

• Ilẹ̀ ti mọ́ kí wọ́n tó rí àwókù náà nínú oko? Ẹni tó ni bàálù ló fi bàálù mìíràn wá a rí.

• Abẹ́rẹ́ aago tó ń ka eré há sáàárín máìlì 165 sí 170 ní wákàtí kan? Apá ọ̀tún ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀.

• Awakọ̀ náà, ọmọ ọdún 21, kò ní ìwé-ẹ̀rí láti fi aago nìkan wa bàálù nígbà tí kò bá rí ìta?

• Àmì inú ẹ̀rọ tó ń fi ìdúró imú bàálù hàn ń lọ ní òdìkejì èyí tí awakọ̀ náà mọ̀? Àwọn olùṣèwádìí ní ó ṣeé ṣe kó rò pé òun ń gòkè nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀.

• Ìkìlọ̀ pàtàkì nípa ojú ọjọ́ kò dé etí rẹ̀ kó tó gbéra? Ìjọba kà á mọ́ ohun tó dá kún jàǹbá náà.

Ẹ̀mí mẹ́rin kì í ṣe kékeré. Kí awakọ̀ tó gbéra lóru, ó yẹ kí ẹni tó mọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí sọ gbogbo rẹ̀ fún un.