Ẹ̀rọ Tí Ń Ṣọ́ Ẹni Tí Ó Súnmọ́ Ẹni: Kí Ni Ó Lè Ṣe Nípa Àrùn Níbi Iṣẹ́?

Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní àrùn Kòrónà hàn ní Nàìjíríà. Àlejò láti ilẹ̀ Ítálì ni. Ó ti gba Èkó dé ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì kan ní Ewékorò, Ìpínlẹ̀ Ògùn, kí àìsàn rẹ̀ tó hàn. Iṣẹ́ wá délẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Ta ni ó bá a wọkọ̀? Ta ni ó jókòó tì í? Nínú àwọn tí wọ́n wá kàn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti rí ẹni kejì tí àrùn náà mú, ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta.

Ẹnu àti ìrántí ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n níbi tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́ bá wà, ta ni ó lè rántí ẹni tí ó tò sẹ́yìn rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn? Èyí ni ó mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun gbé ẹ̀rọ kékeré kan jáde.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́

Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò so ẹ̀rọ náà mọ́ ọrùn tàbí ọrùn ọwọ́. Ẹ̀rọ yìí kò ní wáyà. Púpọ̀ nínú wọn ń lo Bluetooth, èyí tí ó wà nínú fóònù wa. Bí ilé-iṣẹ́ rédíò ti ń sọ̀rọ̀ sínú afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń pe nọ́ńbà tirẹ̀, tí àwọn ẹ̀rọ tí ó wà nítòsí sì ń gbọ́ ọ. Bí ohùn náà bá lágbára, a jẹ́ pé ẹni náà súnmọ́. Bí ó bá rọlẹ̀, ó jìnnà. Ẹ̀rọ yóò kọ nọ́ńbà tí ó gbọ́ àti iye ìṣẹ́jú tí wọ́n fi wà pọ̀ sílẹ̀. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé àrùn mú ẹnì kan, a ó ṣí àkọsílẹ̀ yìí láti mọ àwọn tí a ó pè.

Ní ọdún 2020, àwọn òṣìṣẹ́ Ford díẹ̀ tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn ní ìlú Plymouth, Michigan, dán irú rẹ̀ wò. Bí ẹni méjì bá súnmọ́ra ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ, aago ọwọ́ wọn yóò gbọ̀n láti kìlọ̀.

Ohun tí kò lè ṣe

Ẹ̀rọ yìí kò mọ aláìsàn. Kò mọ̀ bóyá ènìyàn bo imú, tàbí bóyá fèrèsé ṣí. Ara ènìyàn tí ó dúró láàárín lè mú kí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó sì lè la pákó kọjá, kí ó ka ẹni tí ó wà ní yàrá kejì mọ́ àwọn tí ó súnmọ́ni.

Ẹ wo NFL, àjọ bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ti Amẹ́ríkà. Láti ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ sí ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá ọdún 2020, wọ́n yẹ nǹkan bí 11,400 eléré àti òṣìṣẹ́ wò lemọ́lemọ́, ẹ̀rọ sì wà lára wọn níbi iṣẹ́. Wọ́n rí ènìyàn 329 tí àrùn mú. CDC, àjọ ìjọba tí ń gbógun ti àrùn níbẹ̀, kéde ní ọdún 2021 pé àrùn ran àwọn kan láì jẹ́ pé ẹ̀rọ ka ìṣẹ́jú 15 léraléra fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn. Nítorí náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pẹ̀lú pé: Ṣé wọ́n jọ jẹun? Ṣé wọ́n jọ wọ ọkọ̀ kan náà? Inú ilé ni àbí ìta gbangba?

Ọ̀rọ̀ ìfọkàntán

Ní Síńgápọ̀, ìjọba gbé ètò TraceTogether jáde ní oṣù kẹta ọdún 2020, wọ́n sì fi àwọn ènìyàn lọ́kàn balẹ̀ pé nítorí àrùn nìkan ni. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021 ni ó hàn pé ọlọ́pàá lè lo àkọsílẹ̀ náà láti wádìí ọ̀ràn. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìjọba sì ní láti ṣe òfin ní oṣù tí ó tẹ̀lé e láti fi ààlà sí i. Òṣìṣẹ́ tí ó bá ń bẹ̀rù pé ọ̀gá ń fi ẹ̀rọ ṣọ́ òun yóò fi í sílẹ̀ nínú àpótí, ẹ̀rọ náà yóò sì di asán.

Bí ilé-iṣẹ́ yín bá gbé irú rẹ̀ wá, ẹ béèrè nǹkan wọ̀nyí kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé:

(a) Ta ni yóò tọ́jú àkọsílẹ̀ náà, ọjọ́ mélòó ni wọn yóò sì fi pa á rẹ́?

(b) Ṣé ẹni tí ó súnmọ́ ẹni nìkan ni ó ń kọ, àbí gbogbo ibi tí òṣìṣẹ́ bá rìn dé?

(d) Ta ni yóò san owó iṣẹ́ ẹni tí a bá ní kí ó jókòó sílé?

Ìbéèrè kẹta ni ó wúwo jù. Ẹni tí ń gba owó ojúmọ́ kò ní jẹ́wọ́ àìsàn bí ebi yóò bá pa ọmọ rẹ̀. Níbẹ̀ ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti wúlò: ẹ jẹ́ kí ìpàdé gbogbogbò ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀yáwó pàjáwìrì irú àkókò bẹ́ẹ̀.

Fún ibi iṣẹ́ kékeré, ẹ máa ṣí fèrèsé, kí ẹ sì ní ìwé tí a ń kọ orúkọ ẹni tí ó wọlé àti àkókò tí ó jáde sí lójoojúmọ́. Àwa tí ń yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò mọ̀ pé ìwé tí a kọ dáadáa máa ń sọ òótọ́ nígbà tí ènìyàn bá ti gbàgbé.